Ẹ Má Tíì Tẹ “Format”

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn àgbà kò tíì rí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti dá fíláàṣì mọ̀ mu gan-an ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ nù, tàbí kí wọ́n tẹ ohun àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà bá ní kí wọ́n tẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ wá ibi tí àìsàn náà wà, nítorí oògùn kan kì í wo gbogbo àrùn.

Fíláàṣì tí mò ń sọ yìí, ti màmá mi ni. Ohùn ìyá àgbà ló wà lórí rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n jókòó ki oríkì ìdílé wa kí wọ́n tó jáde láyé. Fóònù tí a fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn. Nígbà tí ìrántí ọdún kan wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, a mú fíláàṣì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà ní àfi kí a format rẹ̀ kí a tó lè lò ó.

Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n format ẹ̀ kíá, á ṣiṣẹ́.”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sílé ná.”

Kò parọ́. Fíláàṣì náà ì bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo ni ì bá jẹ́. Inú fíláàṣì dà bí ilé ìkàwé: àwọn ìwé wà lórí pẹpẹ, àkọsílẹ̀ kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Bí a bá fa fíláàṣì yọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí i, àkọsílẹ̀ yẹn lè bàjẹ́, kí àwọn ìwé sì wà níbi tí wọ́n wà. Format oníkíákíá máa ń kọ àkọsílẹ̀ tuntun tí kò ní nǹkan kan nínú. Èyí tó máa ń pẹ́, láti ìgbà Windows Vista, máa ń fi òdo kọ gbogbo orí pẹpẹ náà.

Nílé, mo ki fíláàṣì náà bọ ihò USB mìíràn, lẹ́yìn náà mo gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. Bákan náà ló rí, nítorí náà ẹ̀bi kì í ṣe ti ihò. Mo wá ṣí Disk Management, níbi tí Windows ti ń fi gbogbo díìsìkì tó rí hàn. Bí a bá rí fíláàṣì níbẹ̀ tí ohun gbogbo pé ṣùgbọ́n tí kò ní lẹ́tà bíi E tàbí F, lẹ́tà nìkan ni kí a fún un. Bí a kò bá rí i rárá lórí kọ̀ǹpútà méjì, tàbí tí ó kọ “No Media”, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ gan-an ti bàjẹ́. Tiwa fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn, ó sì kọ “RAW”. Ìyẹn ni pé fíláàṣì ń dáhùn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni Windows kò lè kà.

Mo gba PhotoRec sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kì í wo àkọsílẹ̀ rárá. Orí pẹpẹ ló máa ń yẹ̀ wò, ó sì máa ń fi bí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ṣe rí dá a mọ̀. Mo ní kí ó kó ohun tó bá rí sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe sórí fíláàṣì náà, kí ó má baà kọ nǹkan lé ohun tí a ń wá lórí. Ó ju wákàtí kan lọ. Orúkọ àwọn fáìlì ti sọnù, nọ́ńbà ló rọ́pò wọn, nítorí náà a jókòó, a ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án pé. Ìkẹwàá gé láàárín. A kò rí ìkọkànlá. Màmá mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tún ti àkọ́kọ́ gbé sí i.

Láti ọdún 2000 ni fíláàṣì ti wà lọ́jà, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a sọ ọ́ di àká. Apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn ni, kì í ṣe àká. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ohunkóhun tí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n má sì wà lójú kan náà. Bí kọ̀ǹpútà bá sì béèrè bóyá kí òun format fíláàṣì yín, ìbéèrè ni, kì í ṣe àṣẹ. Cancel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.