Irin Ṣọ́ọ̀bù Kì Í Sùn Nílé

Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ ènìyàn; bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni í mu. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé wa yìí ti gbọ́ òwe náà rí, ẹ sì gbà pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ sípánà ni. Mẹkáníìkì ni bàámi, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín irin iṣẹ́ wọn sí: ti ṣọ́ọ̀bù, ti inú ọkọ̀, àti ti ilé. Sípánà 10 wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Píláyà wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Súkúrúdíráfà, ẹ má wulẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé irin ni bàbá yìí ń tà.

Màámi gan-an rò bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí owó lè rà. Bí bàámi bá ti ti ọjà dé pẹ̀lú irin nínú ọ̀rá, màámi á ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọwọ́ mẹ́fà lẹ ní ni?” Bàámi ò ní bínú. Wọ́n á kàn fèsì pé, “Ọwọ́ méjì náà ni, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ló ti ń ṣiṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni bàámi lọ ra àpótí mẹ́ta o. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ọkọ̀ Volkswagen ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, nígbà tí bàámi sì wọṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìjàpá ṣì pọ̀ lójú títì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, tí ọ̀gá wọn gbàdúrà fún wọn, àpótí sípánà tí wọ́n fi owó àjọ rà, ti Volkswagen ni. Nígbà tó yá, Toyota àti Nissan gba ìlú, nǹkan sì yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ mẹkáníìkì. Nọ́ńbà tó wà lára sípánà, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ni, ní mìlímítà. Ẹ mú bóòtì tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 8. Lára ọkọ̀ Jámánì, orí bóòtì yẹn sábà máa ń jẹ́ 13. Lára ọkọ̀ Jàpáànì, 12 ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ara rẹ̀ nípọn tó 10, orí rẹ̀ á jẹ́ 17 lára Volkswagen àtijọ́, á jẹ́ 14 lára Toyota. Ara kan náà, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá wá fi tipátipá fi sípánà 13 tú bóòtì 12, wàhálà dé nìyẹn. Sípánà á máa yọ̀, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lórí bóòtì á jẹ, orí á di roboto, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Nítorí náà, bàámi ra 12, wọ́n ra 14, wọ́n sì to àpótí tuntun fún ṣọ́ọ̀bù. Àpótí ti Volkswagen wá sílé, ó jókòó sábẹ́ àga ní pálọ̀. Bí ẹyọ kan ṣe di méjì nìyẹn.

Ti inú ọkọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Mo wà ní JSS 2 nígbà náà. Èkó la ti ń bọ̀, à ń lọ sílé ní Ìbàdàn, aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá. Bí a ṣe kọjá Ògùnmákin báyìí, táyà ẹ̀yìn Corolla wa fọ́. Táyà sípíà wà. Jáàkì wà. Sípánà táyà ni kò sí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti mú un wọlé lọ fi gbé ìdérí kànga lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ibẹ̀ ló sì wà.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Lóru, ẹ̀rù ń ba ẹni tó dúró, ẹ̀rù ń ba ẹni tó ń kọjá. Bàámi ń ju tọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Nígbà tó pẹ́, awakọ̀ tírélà kan dúró, Ọlọ́run bùkún un. Ó mú sípánà tirẹ̀ wá, ó fi sórí nọ́ọ̀tì wa, ni sípánà bá ń yí po lásán bíi fìlà bàbá lórí ọmọ jòjòló. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 21 ni. Ti tírélà lé ní 30 dáadáa. Ó ní ká má bínú, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Màámi wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé àbúrò mi lé ẹsẹ̀, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì kí onídáńfó kan tó dúró, tó yọ sípánà alágbèélébùú jáde, èyí tó ní ẹnu mẹ́rin: 17, 19, 21, 23. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, màámi ò tún bá bàámi jà lórí irin inú ọkọ̀. Bàámi ra alágbèélébùú, wọ́n ra píláyà, súkúrúdíráfà olórí méjì, sípánà 12 àti 14, pẹ̀lú 10 nítorí orí bátìrì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun gbogbo rẹ̀. Òfin dé: ohun tó bá ti pupa kò gbọdọ̀ kúrò nínú bùùtù àfi lójú ọ̀nà, ẹni yòówù kí ó fẹ́ ṣí kànga.

Ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà yẹ́lò ni. Òfin tirẹ̀ tún le ju ti ọkọ̀ lọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn. Bàámi ní, “Irin ṣọ́ọ̀bù kì í sùn nílé.” Mo bi wọ́n nídìí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní bí sípánà 14 bá sùn nílé, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ́ńjìnnì oníbàárà á wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á máa sáré lọ yá sípánà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kejì, oníbàárà á sì jókòó síbẹ̀ á máa wò. Ẹni tó bá rí i tí mẹkáníìkì ń tọrọ sípánà, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀. Bóyá ló tún máa padà wá.

Ọdún tí mo wọ 200 level ni ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróòlù sì wọ́n kọjá àlà. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà bàámi gbé ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wọ dáńfó. Ọkọ̀ tí kò jáde kì í dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Àsìkò yẹn gan-an ni owó ilé ìwé lọ sókè, ọjọ́ tí wọ́n sì fi fún wa láti san án kù díẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nílé la kó jọ, kò pé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàámi kó àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pálọ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wò ó. Ti ṣọ́ọ̀bù là ń jẹ. Ti ọkọ̀ ni kò ní jẹ́ ká sùn sójú ọ̀nà. Màámi ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: “Ẹ ta ti ilé. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?” Bàámi ò bá wọn jiyàn. Ẹnìkan wà tó ń tún Golf ṣe, tó ń wá 13 àti 17. Bàámi fi àkísà àti epo dísù nu sípánà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, sípánà tí wọ́n fi ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Wọ́n dì í, wọ́n gbé e fún un. Píláyà àti súkúrúdíráfà bá a lọ. Owó náà ló jẹ́ kí owó ilé ìwé mi pé. Ohun tí mo bá dà lọ́la, ẹ má gbàgbé pé sípánà Volkswagen wà níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú wa fi là. Ta gan-an ló ń lo irin ilé? Bàámi kọ́ o. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù dé lálẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n, oúnjẹ àti oorun ló kù. Màámi ni. Jẹnẹrétọ̀ wa jẹ́ èyí kékeré tí wọ́n máa ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ epo rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í pẹ́ dúdú, màámi ló máa ń tú u, tí wọ́n á fi sáńpépà nù ún, tí wọ́n á dá a padà. Rọ́bà gáàsì, màámi ló ń mú u le. Ọwọ́ ìkòkò tó bá ń mì, màámi ni. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni maṣíìnì ìránṣọ. Súkúrúù wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan wà lára ilé bọ́bìnì tó ń sọ bí òwú ìsàlẹ̀ ṣe máa le tó. Bí ẹ bá yí i díẹ̀ báyìí, òwú á le jù tàbí kó dẹ̀ jù. Irin tí màámi pè ní kí ló ń ṣe níbẹ̀, òun ló ń bá wọn tọ́jú iṣẹ́ òòjọ́ wọn láti ọdún yìí wá. Ó wà nítòsí débi pé wọn ò rí i mọ́.

Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ sábẹ́ aṣọ. Màámi mú ọ̀bẹ, ọ̀bẹ yọ̀, ó ha orí súkúrúù yẹn. Wọ́n bẹ bàámi pé kí wọ́n bá àwọn mú súkúrúdíráfà kékeré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti mọ ohun tí bàámi sọ. “Ìyá àwọn ọmọ, irin ṣọ́ọ̀bù kì í sùn nílé.” Mo wà níbẹ̀. Màámi wò wọ́n, wọn ò fèsì. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀bà gan-an ò lọ lọ́nà ọ̀fun.

Ní ọjọ́ kejì, màámi ní àwọn ń lọ ra òwú. Òwú ni wọ́n rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá kejì wà. Súkúrúdíráfà mẹ́ta, píláyà kan, sípánà púlọ́ọ̀gì kan, sípánà 10 kan. Owó tí wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀, owó àsansílẹ̀ aṣọ ẹbí ni. Wọ́n jókòó, wọ́n mú kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kun èékánná, wọ́n kun ìdí irin kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ píǹkì. Bàámi dé, wọ́n rí i, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Ṣé ọwọ́ mẹ́fà lẹ ní ni?” Màámi ní, “Ọwọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n tèmi ni.” Bàámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Aṣọ ẹbí jáde lọ́jọ́ Fúráìdeè.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Èmi ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé irin bàámi ni gbogbo rẹ̀, tí wọ́n kàn pín síbi mẹ́ta. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí kò ní irin níbẹ̀, alágbàbọ̀ ni, kódà bó jẹ́ pé ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Èyí ló jẹ́ kí n máa rò pé ìlọ́po irin kì í ṣe àṣejù. Àṣejù ni kéèyàn kó mẹ́ta jọ síbì kan.

Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ kó irin gbẹ̀fẹ́ mẹ́ta o. Sípánà tí kò dára, ẹnu rẹ̀ á là bó bá pàdé bóòtì tó le. Bàámi ní ti ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ dára jù, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ti ọkọ̀ tẹ̀ lé e: ó lè má ṣiṣẹ́ lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá máa ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ já wa kulẹ̀. Ti ilé lè jẹ́ níwọ̀nba. Màámi ò gbà. Wọ́n ní ti ilé ló wà nítòsí gáàsì.

Ní báyìí, èmi náà ti ní tèmi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: píláyà kan àti súkúrúdíráfà méjì, fún orí púlọ́ọ̀gì, fáànù àti bóòtì bẹ́ẹ̀dì tó ń dún ní gbogbo òru. Gbogbo blọ́ọ̀kù ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, á fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kó tó mú un lọ, nítorí kò sẹ́ni tó máa fi ẹsẹ̀ kan lọ gba lẹ́ṣọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀yin tí ẹ ni ín, ẹ mọ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá irin mi padà.