Àwo Ọjọ́ Kan

Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní Birmingham gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, láti 1974 di 1977. Ọmọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ní àwo orin àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ Black Sabbath, èyí tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, 1970, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé inú rẹ̀ ni orin heavy metal ti ṣẹ̀. Bí ó bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ báyìí, màá kó ìwé mi, ó di ilé ìkàwé. Mo ti rí páálí rẹ̀: obìnrin aláṣọ dúdú kan dúró níwájú ilé ọlọ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àgbélébùú tí a dorí rẹ̀ kodò wà nínú. Kí ni ọmọ kátíkíìsì ń wá nídìí irú èyí?

Ewú ti gba orí mi kí n tó ra tèmi. Ní 2009 ni wọ́n tún un gbé jáde, àwo méjì nínú páálí kan, tí èkejì jẹ́ ti àwọn ìgbìdánwò tí wọn kò lò nígbà náà. Ojú tì mí bí mo ti ń tẹ́tí. Ẹni tó ń kọrin nínú orin àkọ́kọ́ kò sin Sátánì rárá. Ìran kan ló dẹ́rù bà á, ó sì ń ké pe Ọlọ́run. Àgbélébùú ńkọ́? Àwọn tó ṣe páálí ló fi í síbẹ̀ láìbi àwọn olórin léèrè. Òjò, àrá àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣíwájú orin, ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣeré tán ni a fi wọ́n kún un. Eré tí àwọn ọmọ Aston mẹ́rin wọ̀nyí ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Ọ̀wàrà 1969, nìkan ni tiwọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọwọ́ náà sì nítàn. Tony Iommi jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irin pẹlẹbẹ. Ní ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an, kò wù ú láti padà síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ ló ní kí ó lọ parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì, ní ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń tẹ okùn gìtá, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọbọ́, ó fi mọ orí ìka, ó sì fi awọ bò ó. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, tí kò ní ṣòro fún un láti tẹ̀.

Nínú àwo kejì, orin àkọ́kọ́ yẹn wà láìsí ohùn Ozzy Osbourne. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù inú rẹ̀ tó yé mi: ìró mẹ́ta péré lórí gìtá, wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ru irin. Èmi tí wọ́n bí sáàárín ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ó yẹ kí n ti mọ̀.

N kò ní tìtorí èyí yìn ín tán. Orin tó kẹ́yìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, gìtá ń rìn gbéregbère nínú rẹ̀. Mo máa ń fò ó.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, 2025, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún ṣeré ní Aston, ní pápá Villa Park. Orí àga ni Osbourne jókòó sí kọrin. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà. Nígbà tí mo gbọ́, mo gbé àwo àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kí òjò rẹ̀ rọ̀ tán kí n tó jókòó.