Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, tí a jọ ń kọ́ ìwé ní Tatonnonkon,

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ méjì tí a kọ sójú pátákó: itọ́ àti ìtọ̀. Itọ́ ń bẹ lẹ́nu, ìtọ̀ ni à ń tọ̀. Àmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn oníṣègùn ń yẹ méjèèjì wò, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí àrùn lè fara hàn níbẹ̀ kí ó tó dá ènìyàn dùbúlẹ̀.

Ní ọdún 1880, ní Algeria, dókítà Faransé kan, Laveran, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò iba nínú ẹ̀jẹ̀. Lónìí, ike pẹlẹbẹ kan tó. Nọ́ọ̀sì á gún ọmọ níka, á kán ẹ̀jẹ̀ sí i, á fi omi rẹ̀ lé e. Wúrà wà nínú ike náà, ó kéré ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wúrà gidi ni! Wúrà tó kéré bẹ́ẹ̀ a máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀. Bí ohun tí kòkòrò iba ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, wúrà á dì mọ́ ọn, wọn á jọ dúró lójú kan, ilà pupa á yọ ní ìdí T. Ilà ìdí C gbọ́dọ̀ yọ nígbà gbogbo. Bí kò bá yọ, ike náà ti bàjẹ́.

Ní ìgbà òjò kan, ara ọmọ àbúrò mi gbóná bí iná. Ìyá wa àgbà ti tú oògùn iba tó ṣẹ́kù jáde nínú àpò. Àbúrò mi ní òun yóò kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. C nìkan ló yọ. Iba kọ́! Nọ́ọ̀sì bá ṣí aṣọ ọmọ, ó ka mímí rẹ̀: ó yá jù. Àyà ló ń ṣe é. Oògùn mìíràn ni wọ́n fún un, ó sì yè. Ká ní ti inú àpò ni a lò, tí a wá ń retí ńkọ́? Ìyá wa kò sọ nǹkan kan. Ó rọra dá oògùn padà sínú àpò.

Ohun kan kù. Ilà T lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí iba ti lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń bèèrè ọjọ́ tí ọmọ lo oògùn kẹ́yìn. Àwọn ìyá kan ní kíláàsì wa ti ń kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé wọn. Ọ̀kan kọ òógùn dípò oògùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó kọ pé.