Ẹja Pípa ní Adágún Káínjì
Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ sí adágún Káínjì. Àwa mẹ́fà wọ̀ sí ilé àlejò kan ní Bùsà Tuntun. Ẹja epìà àti àrọ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ wa sinmi. Bí a ti ń pariwo ayọ̀, baba tí ó ń tukọ̀ wa ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi, orí ilé bàbá mi lẹ wà." Òtítọ́ ni. Nígbà tí wọ́n dí Odò Ọya ní 1968 nítorí iná mànàmáná, omi bo Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀. Bí iná bá tàn nílé yín, ẹ rántí àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ kí ó tó tàn.