Ẹni tó Ń Wọn Ọ̀nà

 

Lọ́dọọdún ni a máa ń kọ ìtàn àgbà kan sí ojú ewé yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọba ni, tàbí jagunjagun. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin kan tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lárààárọ̀ bí ẹ̀yin òbí ni a mú. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé eré ló máa ń sá lọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ted Corbitt. Kì í ṣe ara ilé wa, a ò sì fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ṣùgbọ́n New York níbí ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 1919 ni wọ́n bí i, lóko òwú nítòsí Dunbarton ní South Carolina. Bàbá rẹ̀ àgbà ti ṣe ẹrú rí. Bí ẹ bá wá Dunbarton lọ lónìí, ẹ ò ní í bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Amẹ́ríkà kó gbogbo ará ibẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe ilé-iṣẹ́ ohun ìjà átọ́míìkì. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìlú ni kò sí mọ́.

Ó lọ sí yunifásítì ní Cincinnati, ó ń sáré níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọn kì í jẹ́ kó díje nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ irú rẹ̀, a ò ní í fa ìyẹn gùn. Lẹ́yìn ogun ó dé New York, ó sì bá ẹgbẹ́ Pioneer ti Harlem sáré, ẹgbẹ́ tó ń gba dúdú, tó ń gba funfun. Ní 1952 wọ́n mú un lọ sí Òlíḿpíìkì ní Helsinki. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó sá eré màrátọ́ọ̀nù níbẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí.

Nígbà tí a dé ibí yìí nínú kíláàsì, ọmọ kan nawọ́ sókè. Ó ní, “Bàbá, ipò kẹlòó ló ṣe?” A ní ipò kẹrìnlélógójì. Háà! Ẹ̀rín sọ. Àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ká má purọ́. Lóòótọ́, ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1954, ó gba ipò kìíní nínú màrátọ́ọ̀nù ti gbogbo Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n a ò fi ìyẹn pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe nítorí ipò kìíní la ṣe mú un wá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn tí iṣan àti oríkèé ara wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́: ẹni tó rọ lápá kan, ẹni tó ń kọ́ ìrìn padà. Ìyẹn ló ń bọ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀. Kì í ṣe eré tó ń sá ló ń bọ́ wọn. Láti ilé rẹ̀ lókè ìlú ló ti máa ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní Manhattan, ìrìn tó lé ní máìlì mẹ́wàá, nínú òjò àti yìnyín. (Àwa tí a ti fọ aṣọ eléré rí, a máa ń ro ti ìyàwó yẹn.) Ọmọ rẹ̀ ló sì ń tọ́jú ìwé àti àwòrán bàbá rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin bàbá.

Ní 1973, ó fi odidi ọjọ́ kan, wákàtí 24, sá eré máìlì 134 ó lé díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 54 ni, ọjọ́ orí tiwa gan-an tí a ń fi ọwọ́ di àtẹ̀gùn mú.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù nìyí. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn asáré ojú títì sílẹ̀ ní New York ní 1958, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ṣètò eré lè sọ pé máìlì mẹ́wàá ni, kó jẹ́ mẹ́sàn-án àbọ̀, asáré á sì máa yọ̀ pé òun yára. Corbitt ní rárá. Ó ka ìwé, ó kọ̀wé sí àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ìwé kan jáde ní 1964 lórí bí a ṣe ń wọn ọ̀nà. Téèpù irin lẹ ó kọ́kọ́ fi wọn ibi kékeré kan. Ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀, ẹ ó ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí. Lẹ́yìn náà lẹ ó gun ún gba gbogbo ọ̀nà eré, kí ẹ sì máa gba ibi tó kúrú jù tí asáré lè gbà. Tí ẹ bá parí, ẹ ó padà sí ibi téèpù, nítorí oòrùn máa ń mú táyà wú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde lọ wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń wọn ọ̀nà.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ikọ́ fée dá eré rẹ̀ dúró. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní 2001, ọmọ ọdún 82, ó fi ọjọ́ mẹ́fà rin máìlì 303. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2007 ló papò dà, ọmọ ọdún 88. Wọ́n ń sá eré kan ní orúkọ rẹ̀ ní Central Park.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹ mọ ìrìn tí àwọn ọmọ máa ń rìn lọ sétí odò, tí ẹ máa ń dá owó sí lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Máìlì mẹ́ta là ń kọ sínú ìwé yìí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, torí àwa la fojú díwọ̀n rẹ̀. Ọmọ tó béèrè ipò ló tún béèrè pé, “Ta ló wọ̀n ọ́n?” A yá kẹ̀kẹ́, a yá téèpù, a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò tó méjì àbọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Owó tó lé wà nínú àpò ìwé lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, orúkọ oníkálukú wà lára tirẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, ẹni méjì ló ti wá. Ọ̀kan gba tirẹ̀. Èkejì ní ká fi tòun ra téèpù irin.