Àwọn Alábòójútó Ẹgbẹ́ Tí Ń Pe Ènìyàn Wá Gbọ́ Orin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá bi yín léèrè pé ta ni ó kọrin ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ lọ wo eré, kíá ni ẹ ó dárúkọ rẹ̀. Bí a bá tún béèrè pé ta ni ó lu ìlù, tàbí ta ni ó tẹ dùùrù, kò ní í pẹ́ kí ẹ tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ta ni ó jókòó rò ó ní oṣù mẹ́fà ṣáájú pé kí owó ìwọlé má ju agbára ọmọ ilé ìwé lọ, ta ni ó fọwọ́ sí ìwé owó gbọ̀ngàn, ta ni ó ka iye àga tí ó ṣófo tí ó sì bèèrè ìdí rẹ̀, ó dá wa lójú pé gbogbo wa ni yóò dákẹ́. Nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Wọn kì í ṣe eléré, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe òǹwòran lásán. Àwọn ni alábòójútó ẹgbẹ́ aláàánú tí a dá sílẹ̀ kí orin, eré àti iṣẹ́ ọnà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹgbẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Audience Agency, èyí tí a fi ẹgbẹ́ méjì pa pọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2012. Kì í kọrin, kì í sì í ṣe eré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ àwọn tí ń wá sí ilé eré, àti, èyí tí ó ṣòro jù, láti mọ àwọn tí kì í wá. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ni ó máa ń wà lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n gba owó fún ipò wọn, àfi bí àṣẹ pàtàkì bá wà fún un. Ìwọ̀nba owó tí wọ́n ná lórí ìrìnàjò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a lè dá padà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe ohun titun. Ní ìlú London, ní apá gúúsù odò Thames, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí a ń pè ní Waterloo Road, ilé eré àtijọ́ kan wà tí ó ti di ilé ọtí àti ìjà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Emma Cons, ẹni tí kò lọ́kọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba owó ilé àti títọ́jú ibùgbé àwọn tálákà, kíyè sí i pé àwọn ọkùnrin a máa gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, wọn a sì mu ún tán níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ. Kò wàásù lásán. Ní ọdún 1880 òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ilé náà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní àsìkò Kérésìmesì ọdún náà. Kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ dípò ọtí, orin tí kò ní ìbàjẹ́ nínú ni wọ́n sì ń kọ. Kò pẹ́ tí gbèsè fi dé. Samuel Morley, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, wà nínú àwọn tí ó dìde fún ìrànlọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní alẹ́, owó ìwọlé rẹ̀ sì jẹ́ pẹ́nì kan péré, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀. Láti inú ẹ̀kọ́ alẹ́ wọ̀nyí ni ilé ẹ̀kọ́ Morley College ti jáde ní ọdún 1889.

Ní ọdún 1891 ni a fi ilé náà sábẹ́ òfin àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé fún ìgbádùn àti ẹ̀kọ́ àwọn tálákà ni a ó máa lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yìí, nítorí pé lójú tiwa, òun ni ó níye lórí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Àwọn gómìnà ilé náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àwọn alábòójútó rẹ̀, kò lè sọ ní ọjọ́ kan pé àwọn tálákà ń pariwo, ẹ jẹ́ kí a gbé owó ìwọlé sókè kí àwọn ènìyàn pàtàkì lè rí àyè. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ìwé tí ó fi wọ́n jẹ oyè ni yóò ta kò wọ́n. Ẹni tí a fi ilé sí ìkáwọ́ rẹ̀ kò ní ilé. Ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín ni, ẹni tí ó sì ni ín ni ọkùnrin aláṣọ iṣẹ́ tí ó jókòó sókè lórí àga olówó pọ́ọ́kú.

Nígbà tí Emma Cons kú ní ọdún 1912, Lilian Baylis, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ arábìnrin Emma Cons, ni ó gba iṣẹ́ náà. Obìnrin àdúrà ni, ó sì mọ owó í ṣọ́. Àwọn méjèèjì kì í sábà gbé inú ẹnìkan. Láti ọdún 1914 títí di ọdún 1923, gbogbo eré mẹ́rìndínlógójì tí ó wà nínú ìwé ńlá àkọ́kọ́ ti Shakespeare ni wọ́n ṣe tán nínú ilé tí a ṣe nítorí àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1931 ó tún ṣí Sadler's Wells sí apá àríwá ìlú náà, kí àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú má bàá ṣe aláìní. Ó kú ní ọdún 1937.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ìlú Èkó, láti ọdún 1866 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Academy, láti gbé ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ga. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ó kọ́kọ́ ṣe bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun iyì ni, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irú eré àkókò náà wà fún. Ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ìta kò ní ohun tí yóò gbọ́ níbẹ̀. Ó di ìgbà tí orin àti eré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè wa kí ó tó wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí Hubert Ògúǹdé, ẹni tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, gbé eré rẹ̀ nípa Ọgbà Édẹ́nì sórí ìtàgé ní Glover Memorial Hall fún ìjọ aládùúrà kan, ẹni tí kò mọ ABD pàápàá mọ ohun tí Ádámù ń sọ.

Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1983, ni a dá ẹgbẹ́ olórin tí a mọ̀ sí MUSON sílẹ̀, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ wà ní Oníkan títí di òní, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ orin. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ara ṣe iṣẹ́ náà ni Olóyè Akíntọ́lá Williams, tí ó kú ní ọdún 2023 ní ẹni ọdún 104. Kì í ṣe orin ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Aṣírò owó ni. Ní ọdún tí ó fi ẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yí ojú sí ọ̀ràn gbọ̀ngàn orin. Èyí yẹ kí ó mú àwọn ọmọ ilé ìwé tí ohùn wọn kò dára lọ́kàn le: orin nílò ẹni tí yóò ṣírò owó rẹ̀ láìjalè.

Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi nítorí jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún, kò lè jẹ́ alábòójútó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ di èrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pín láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè pàṣẹ pé kí alábòójútó wá gbọ́ orin. Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ nìyí.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ní ìlú kékeré kan. Ènìyàn méje ni wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ẹgbẹ́ wa ń pe akọrin àti eléré wá fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ará ọjà, ₦500 sì ni owó ìwọlé. Ní ọdún tí ó kọjá, onígbọ̀ngàn fi owó lé owó ilé. Ọ̀kan nínú àwa méje dìde, ó ní kí owó ìwọlé di ₦2,000, kí a sì fi ìlà àga mẹ́ta iwájú sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta wá lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó jẹ gbèsè kò lè pe ẹnikẹ́ni wá gbọ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò tíì wá sí eré kan rí. A mú ìwé tí a fi ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà jáde, a sì kà á fún wọn: ju ìdajì lọ ni ó jẹ́ ọmọ ilé ìwé, àwọn tí ó kù sì pọ̀ jù nínú àwọn ará ọjà.

Ìyá aláṣọ tí ó wà nínú wa kò sọ̀rọ̀ títí di ìgbà náà. Ó wá kọjú sí alága, ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Àwọn tí Tíṣà ka orúkọ wọn yìí ni àlejò wa. Bí a bá lé àlejò tán, ta ni a ń se oúnjẹ dè?"

Alága ní kí a na ọwọ́ sókè. Ènìyàn márùn-ún ní kí owó ìwọlé wà ní ₦500, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sì kọ́kọ́ dé jókòó síwájú. Ẹni tí ó mú àbá náà wá kò bínú. Ó wá sí eré tí ó tẹ̀lé e, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n ọlọ́rẹ kan tí ń fún wa ní owó epo ẹ̀rọ iná ti kọ̀wé pé òun kò ní í ṣe é mọ́, níwọ̀n bí kò ti sí àga fún òun. Nítorí náà, a ti gbé eré tí ń bọ̀ kúrò ní alẹ́ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá ńlá ilé ìwé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àga ibẹ̀ kò tó. Ìyá aláṣọ ti ní òun yóò kó ogójì wá láti ọjà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ni yóò sì rù wọ́n wá.