Ohun Tí Ọ̀gá Kò Rí

Ní ọdún 1983, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka kan ní ilé ìtẹ̀wé. Mo rò pé ohùn líle ni iṣẹ́ ọ̀gá. Ní ọjọ́ kan, ìwé kíkà àwọn ọmọdé jáde tán, a sì bá a nínú rẹ̀ pé àgbẹ̀ gbé ‘ọkọ̀’ kọ́ èjìká lọ sí oko! Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni mo ti bú ọmọkùnrin tí ó to lẹ́tà náà. Mo tilẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, kò fèsì.

Ní alẹ́, mo wo ẹ̀dà àyẹ̀wò. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ gbangba, ìbuwọ́lù mi sì wà ní ìsàlẹ̀. Oorun dá lójú mi.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni àgbà wí. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ìwé ẹ̀sùn náà padà, mo sì jẹ́wọ́ lójú àwọn tí ó gbọ́ èébú mi. Ọmọ náà ní, ‘Ọ̀gá, mo rí i kí a tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí n sọ.’

Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ sí iṣẹ́, mo máa ń bi ẹni tí ó kéré jù pé, ‘Kí ni o rí tí n kò rí?’ Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.